Kí Ló Ń Mú Túlíìpù Àdáhù Padà Wá Lọ́dọọdún?

Ẹni tí ó bá ra túlíìpù ńláńlá lọ́jà, tí ó sì gbìn ín sí iwájú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ olótùútù, sábà máa ń rí òdòdó tí ó wuyì ní ọdún kìíní, òdòdó díẹ̀ tí kò jọ ti àkọ́kọ́ ní ọdún kejì, àti ewé ẹyọ kọ̀ọ̀kan láìsí òdòdó kankan ní ọdún kẹta. Ní ìdà kejì, aládùúgbò rẹ̀ tí ó gbin túlíìpù kéékèèké, irú èyí tí ń hù fúnra rẹ̀ lórí òkè tí gíga rẹ̀ kò sì ju ìka mélòó kan lọ, lè máa rí i kí ó máa pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún láìjẹ́ pé ó hú u tàbí pé ó tún un gbìn. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni ìbéèrè tí ìwé yìí fẹ́ dáhùn, abẹ́ ilẹ̀ sì ni ìdáhùn náà wà, ní àwọn oṣù tí kò sí ohunkóhun lójú ilẹ̀ tí ènìyàn lè tọ́ka sí, tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ọgbà sì ti gbàgbé pé àwọn gbin nǹkan síbẹ̀.

Túlíìpù àdáhù ni orúkọ tí yóò máa jẹ́ nínú ìwé yìí, èyíinì ni túlíìpù tí ń dá hù láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀, kí ó lè yàtọ̀ sí èyí tí àwọn àgbẹ̀ olódòdó ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún so pọ̀ títí tí ó fi di ńlá. Ẹ̀yà àdáhù tó 75 sí 100, ó kù sí bí onímọ̀ ewéko kọ̀ọ̀kan ṣe ń pín wọn. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù lọ ni àwọn òkè Tian Shan àti Pamir-Alai ní àárín gbùngbùn Éṣíà, ní orílẹ̀-èdè Kàsàkstán, Úsbẹ̀kìstán, Kírígístàn àti Tàjìkìstán. Wọ́n tún wà ní Ìránì, ní Tọ́kì, ní erékùṣù Kírétè, àti ní ìwọ̀-oòrùn òkè Himalaya. Ọdún kì í rọgbọ fún ewéko lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Òjò dídì a bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí ó bá yọ́, omi a pọ̀, oòrùn a ràn, ilẹ̀ a sì rọ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kì í ju oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ tí òjò yóò fi dá, tí ooru yóò sì mú kí ilẹ̀ gbẹ kanrin títí di ìgbà tí ewé igi bá ń wọ́. Ewéko tí yóò bá yè níbẹ̀ gbọ́dọ̀ parí gbogbo iṣẹ́ ojú ilẹ̀ rẹ̀, láti orí ewé dé orí òdòdó dé orí irúgbìn, láàárín àkókò kúkurú yẹn, kí ó sì fara pamọ́ ní ìyókù ọdún.

Ohun tí túlíìpù fi ń fara pamọ́ ni kókó aláwẹ́. Àlùbọ́sà tí wọ́n ń gé sínú ọbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀: kì í ṣe gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èso, ewé ni, ewé tí ó sanra tí ó sì funfun nítorí pé inú òkùnkùn ni ó wà, tí ọ̀kan wé mọ́ èkejì ní awẹ́-awẹ́, tí gbogbo wọn sì jókòó lórí ìtì igi pẹlẹbẹ kan tí ó kúrú gan-an, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí yóò jẹ́ ìdí kókó, nítorí pé láti ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń yọ. Sítáàṣì, irú oúnjẹ tí ó kún inú ẹ̀gẹ́, ni ó kún inú awẹ́ náà. Èèpo gbígbẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó bá sì bó èèpo Tulipa clusiana, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà àdáhù, yóò bá irun múlọ́múlọ́ nínú rẹ̀, pàápàá lápá òkè níbi tí ọ̀mùnú yóò gbà jáde.

Kókó tí ó tanná lọ́dún yìí kọ́ ni yóò tanná lọ́dún tí ń bọ̀, ọ̀nà tí iṣu ń tọ̀ gan-an ni túlíìpù náà ń tọ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ bá gbin èbù, oúnjẹ inú èbù náà ni ìtàkùn yóò kọ́kọ́ jẹ títí ewé yóò fi yọ. Ewé ni yóò wá máa bọ́ iṣu tuntun tí ń ta nísàlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ wa iṣu, èbù àná ti rà mọ́lẹ̀, ó ku èèpo. Bákan náà ni ó rí fún túlíìpù. Láàárín awẹ́ kan sí èkejì ni ojú kékeré kan wà tí yóò di ọmọ kókó. Èyí tí ó wà nínú jù lọ, tí ó sún mọ́ igi òdòdó, ni ó máa ń tóbi jù, òun ni yóò sì jókòó sí ipò ìyá rẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó wà lẹ́bàá ìta máa ń kéré. Kí ó tó di oṣù kẹfà, ìyá ti sọ gbogbo ara rẹ̀ di oúnjẹ, èèpo rẹ̀ nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù yí àwọn ọmọ ká. Túlíìpù tí ó bá ti wà lójú kan fún 20 ọdún ti di ìran ogún tí ń rọ́pò ara wọn, àṣìṣe ni kí ènìyàn máa rò ó gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan tí ó dàgbà.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ohun tí yóò pinnu bóyá òdòdó yóò wà lọ́dún tí ń bọ̀ ni bí ewé ti lè bọ́ ọmọ kókó yó tó kí ó tó rọ. Ibí yìí ni ìṣòro túlíìpù ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Igi rẹ̀ lè ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà, òdòdó rẹ̀ wúwo, gbígbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sì gba oúnjẹ púpọ̀, nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ olódòdó ní Nẹ́dálándì ṣe máa ń bẹ́ orí òdòdó dànù nínú oko ní kété tí ó bá ti là, kí oúnjẹ lè sọ̀kalẹ̀ sínú kókó. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wú kókó náà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ilé gbígbẹ tí wọ́n ti ń ṣàkóso ooru àti afẹ́fẹ́, wọ́n á wọn àyíká rẹ̀, wọ́n á ta èyí tí ó bá tó 12 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní iye tí ó jọjú, wọ́n á sì dá àwọn kéékèèké padà sí oko. Ẹni tí ó bá rà á ti ra kókó tí ó wà ní góńgó agbára rẹ̀. Nínú ọgbà ilé tí òjò ti ń rọ̀ láàárín ìgbà ooru, tí kò sí ẹni tí ó bẹ́ òdòdó tí kò sì sí ilé gbígbẹ, kókó yẹn a fọ́ sí ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, tí kò sí ọ̀kan tí ó tó òdòdó í ru nínú wọn. Ọmọ kókó tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀ a yọ ewé kan ṣoṣo, kò sì ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àdáhù yàtọ̀ sí èyí. Tulipa tarda láti òkè Tian Shan kò ga ju nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, kókó rẹ̀ tí àyíká rẹ̀ tó 5 tàbí 6 sẹ̀ǹtímítà péré sì lè ru ju òdòdó kan lọ lórí igi kan náà. Òdòdó rẹ̀ kò ná an ní ohun púpọ̀, ìdí rèé tí ó fi lè tanná, kí ó so èso, kí ó sì tún bọ́ ọmọ yó ní ọdún kan náà.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò tó. Nígbà tí ewé bá ti rọ tí olùtọ́jú ọgbà sì rò pé ewéko náà ti sùn, nínú ooru oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ni ọmọ kókó ń dá òdòdó ọdún tí ń bọ̀ sínú ara rẹ̀. Ṣóńṣó kékeré kan ní àárín gbùngbùn rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, a kọ́kọ́ ya ewé, lẹ́yìn náà a ya ewé òdòdó mẹ́fà, lẹ́yìn náà okùn akọ mẹ́fà tí yóò ru àtíkè òdòdó, níkẹyìn ilé irúgbìn tí ó ní ojúlé mẹ́ta. Ìwọ̀n ooru tí ó wà láàárín 17 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni iṣẹ́ yìí máa ń dára sí jù. Bí ènìyàn bá fi abẹ mímú la kókó kan láti orí dé ìdí ní oṣù kẹsàn-án, yóò bá ọ̀mùnú kan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá láàárín awẹ́ funfun, bí ó bá sì fi abẹ́rẹ́ ṣí ewé rẹ̀ lábẹ́ awò tí ń mú nǹkan tóbi, òdòdó odindi ni yóò bá nínú rẹ̀, tí ó pé pérépéré, tí gíga rẹ̀ kò sì ju ti èso ìrẹsì lọ. Àwọn oníṣòwò kókó ní Nẹ́dálándì máa ń la díẹ̀ nínú ọjà wọn báyìí kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ilé irúgbìn ti yọ, nítorí pé àmì pé òdòdó ti pé ni.

Láti inú èyí ni ìwé yìí ti rí i pé ọ̀rọ̀ omi ní ìgbà ooru ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́jú ọgbà kì í tẹnu mọ́ tó. Ilẹ̀ tí ó gbóná tí ó sì gbẹ ni ọmọ kókó ń retí ní àkókò yẹn. Bí ó bá bá ilẹ̀ tútù tí omi dúró sí pàdé, èbu a mú un, ara rẹ̀ a sì jẹrà kí òdòdó inú rẹ̀ tó pé. Ẹni tí ó ń bomi rin koríko àti òdòdó mìíràn lórí túlíìpù tí ó ti sùn ń ṣe é léṣe láìmọ̀.

Òdòdó tí ó ti pé yìí kò tíì lè jáde, nítorí pé ó ku gbèsè kan tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ san fún un, gbèsè òtútù. Nígbà tí òjò ìgbà ìwọ́wé bá rin ilẹ̀, gbòǹgbò a yọ láti ìdí kókó. Gbòǹgbò náà kì í la ẹ̀ka, nítorí náà kò bójú mu láti máa ṣí túlíìpù nípò lẹ́yìn tí ó bá ti ta gbòǹgbò. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ó nílò ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 tí ìwọ̀n ooru kò ní ju 9 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú òtútù yìí, sítáàṣì inú awẹ́ ń yí díẹ̀díẹ̀ padà sí ṣúgà, èyí tí omi lè gbé kiri ara, igi òdòdó sì ń múra láti gbọ́ àṣẹ àwọn họ́mónù, èyíinì ni àwọn èròjà inú ara tí ń sọ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ìgbà tí yóò gùn àti ìgbà tí yóò dúró. Bí gbèsè náà bá ti pé tí ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, igi a gùn ní kíákíá. Bí kò bá pé, òdòdó a há sáàárín ewé nítòsí ilẹ̀, a sì gbẹ síbẹ̀ láìlà. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kò fara sin: ewéko tí ó bá jáde nítorí pé oòrùn yọ fún ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kọkànlá lórí òkè Tian Shan, òjò dídì ni yóò pa á.

Nítorí gbèsè yìí ni túlíìpù kò ṣe lè di ewéko ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó, ìwọ̀n ooru òru kì í sábà lọ sílẹ̀ ju 20 lọ, ọyẹ́ orí òkè Jos pàápàá kì í ṣe ju kí ó mú kí òru tutù nígbà tí ọ̀sán ṣì ń móoru. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbé kókó sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Florida, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èso, nítorí pé èso tí ń pọ́n máa ń tú atẹ́gùn ẹ́tílìnì jáde, èyí kan náà tí ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú àpò tètè pọ́n, ó sì ń pa òdòdó inú kókó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni yóò tanná, nítorí pé ooru a ti rọ ewé rẹ̀ kí ó tó bọ́ ọmọ yó. Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago kò ní ìṣòro yìí, ojú ọ̀run ni yóò bá wọn san gbèsè náà. Àwọn tí ó wà ní Houston, níbi tí òtútù kì í ti í pẹ́, yóò rí i pé Tulipa clusiana (T. clusiana ní ìkékúrú) kò béèrè òtútù púpọ̀ tó àwọn tí ó ti orí òkè gíga wá.

Nígbà ìrúwé, ohun tí ó máa ń gba àfiyèsí ènìyàn ni bí òdòdó kéékèèké wọ̀nyí ti ń ṣí tí wọ́n sì ń pa dé. Ní òwúrọ̀ tí ó tutù, T. tarda a ká jọ, ewé òdòdó rẹ̀ lóde a sì jọ koríko tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gba ibẹ̀ kọjá láìrí i. Bí oòrùn bá ràn sí i lára, a tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ ìyeyè a yọ ní àárín, funfun a yí i ká létí. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni olórí ohun tí ń ṣí i, ooru ni. Ara inú ewé òdòdó máa ń yára gùn nígbà tí ó bá móoru, ara ìta máa ń yára gùn nígbà tí ó bá tutù, nítorí náà, ìhà tí ó bá gùn jù ni yóò ti èkejì. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá já òdòdó tí ó ká jọ wá sínú yàrá tí ó móoru, yóò ṣí láìpẹ́, àti pé òdòdó tí ó ti ṣí tí ó sì ti pa dé fún ọjọ́ púpọ̀ máa ń tóbi ju bí ó ti rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èrè rẹ̀ fún ewéko ni pé àtíkè rẹ̀ kì í tutù nínú òjò àti ìrì, ìgbà tí oyin bá lè fò nìkan ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn.

Ẹni tí ó bá ti lóye gbogbo èyí lè fúnra rẹ̀ mọ bí yóò ti gbin túlíìpù àdáhù. Ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa ni yóò wá, bóyá ní ìdí ògiri tí ó kọjú sí gúúsù, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń gbóná jù ní apá àríwá ayé. Amọ̀ ni ilẹ̀ púpọ̀ nínú Lọ́ńdọ̀nù, omi sì máa ń dúró sínú amọ̀. Nítorí náà, yóò po òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ọn lọ́pọ̀lọpọ̀, tàbí kí ó mọ ebè tí ó ga, tàbí kí ó lo ìkòkò tí ó ní ihò nísàlẹ̀, èyí tí ó rọrùn jù nítorí pé yóò lè gbé e sábẹ́ òrùlé nígbà ooru kí òjò má baà pa á. Oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá ni ìgbà gbígbìn, jíjìn ihò yóò sì tó ìlọ́po mẹ́ta gíga kókó. Lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, kò ní gé ewé, kò ní dì í jọ bí àwọn kan ti ń ṣe nítorí àtiṣe ẹ̀ṣọ́. Yóò fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà títí yóò fi pọ́n tí yóò sì gbẹ, nítorí pé ewé wọ̀nyí ni ń bọ́ ọmọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń pọ̀ sí i lọ́nà kan náà. T. humilis láti Tọ́kì àti Ìránì, tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ àlùkò, a máa tanná láti oṣù kẹta, ṣùgbọ́n omi ìgbà ooru tètè máa ń pa á. T. linifolia pupa fòò, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, inú ìkòkò sì ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. T. clusiana, T. sylvestris àti T. saxatilis ti Kírétè máa ń ta okùn abẹ́ ilẹ̀, ọmọ kókó a sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, tí yóò fi rìn jìnnà sí ìyá. T. saxatilis fẹ́ràn ìrìn yìí jù; bí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ fún un, ewé ni yóò máa yọ kiri láìtanná, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fi ń gbìn ín sáàárín òkúta tàbí sínú ìkòkò tí yóò há a mọ́. Kókó kékeré pàápàá lè rìn lọ sísàlẹ̀: a na ẹ̀ka ìwọlẹ̀ kan, èyí tí ó ní ihò nínú, sínú ilẹ̀, a sì gbé ọmọ rẹ̀ sí ìpẹ̀kun ẹ̀ka náà, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ooru àti ẹran tí ń walẹ̀.

Ẹran tí ń walẹ̀ kò sì wọ́n nínú ọgbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku mọ adùn kókó túlíìpù, àwọ̀n irin tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ títí ọ̀mùnú yóò fi yọ ni ó ń dí wọn lọ́wọ́ jù. Ènìyàn ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi mú kí àwọn ará Nẹ́dálándì sè é jẹ nígbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, nínú ogun àgbáyé kejì. Omi ara rẹ̀ tilẹ̀ máa ń mú kí ìka àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dì í sínú àpò yún wọn, kí ó sì sán. Àrùn tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni èyí tí èbu Botrytis tulipae ń fà, tí ewé fi ń lọ́, tí ó sì ń dàbí pé iná jó o. Ewéko tí ó bá mú ni kí wọ́n hú kí wọ́n sì sọ nù, kí wọ́n má sì gbin túlíìpù síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kò tún dára láti gbin túlíìpù tí àwọ̀ rẹ̀ là bí ahọ́n iná sí ẹ̀gbẹ́ àdáhù bí ó bá jẹ́ pé àrùn ni ó là á, irú èyí tí àwọn ará Nẹ́dálándì ná owó gọbọi lé lórí kí ọjà rẹ̀ tó wó ní ọdún 1637. Fáírọ́ọ̀sì ni, kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ewé ni ó ń gbé e kiri, Dorothy Cayley sì ni ó fi hàn ní ọdún 1928 pé àrùn náà máa ń ràn láti kókó kan sí òmíràn.

Ó ku irúgbìn, ọ̀nà tí ó pẹ́ jù tí ó sì mọ́ jù, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì yìí kì í sábà gba inú irúgbìn kọjá. Bí wọn kò bá bẹ́ orí òdòdó, èso tí ó ní ojúlé mẹ́ta a gbẹ, a sì là, irúgbìn pẹlẹbẹ a dà sílẹ̀; irúgbìn náà pẹ̀lú ní gbèsè òtútù tirẹ̀ kí ó tó hù. Ewé àkọ́kọ́ tín-ín-rín bí okùn, ẹni tí ń ro ọgbà lè tú u dànù gẹ́gẹ́ bí èpò, ó sì lè gbà tó ọdún mẹ́rin sí méje kí òdòdó tó jáde. Ẹ̀yà tí ó mọ ọ̀nà yìí jù ni Tulipa sprengeri, tí ó pupa, tí ó ń tanná ní ìparí oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà nígbà tí gbogbo túlíìpù yòókù ti parí, tí ó sì lè fara da ìbòòji díẹ̀. Agbègbè Amasya ní Tọ́kì ni ó ti wá sí Yúróòpù ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kò sì rí i níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Inú ọgbà ni ó wà báyìí, ní ibi tí ó bá ti gbà fún un, a máa gbin ara rẹ̀ sáàárín koríko. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ kò nílò ju kí ó gba irúgbìn tuntun, kí ó fọ́n ọn sórí ilẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé ọdún kan náà, kí ó bu òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ bò ó, kí ó sì fi àmì síbẹ̀ kí wọ́n má baà fi ọkọ́ tú u.